N Kò Ní Kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ

                                        Agbolé Fágbàyí,
                                        Òkè-Ọjà,
                                        Arámọkọ-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kejìlá, Ọdún 2024.

Zulaihat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ ìyá tí ìyá mi kò bí,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìlọrin? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti rọjú? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé Tàíwò ti ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì gbọ́ pé eékún rẹ̀ ti bó níbẹ̀. Sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gùn láìṣubú. Iṣẹ́ ọsibítù ńkọ́? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìdúró. Kí Ọlọ́run máa fi okun kún okun yín.

Ara tèmi le. Àwọn ọmọ ń lọ síléèwé. Ọkọ mi wà lóko ní Ìjúrìn láti ọjọ́ Ajé, kòkó tí wọ́n ń sá sì ti gba ẹ̀bá títì kan níbẹ̀, takisí wá di ohun tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ìyá rẹ kí ọ. Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lánàá, n óò sì sọ bí mo ṣe bá wọn fún ọ bó bá yá.

Mo ti kí ọ tán bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Wàyí o, jẹ́ kí n bínú.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, n kò tíì sọ ju "hẹ́lò" lọ tí o fi figbe bọnu. "Yéwándé! Ìwọ náà! Ìwọ lo gba omi lọ́wọ́ Bùrọ̀dá mi níwájú àwọn tó wá kí ọlọ́fọ̀? Ẹni tó ń gbé ọ kọ́rùn kọjá odò nígbà tí a wà ní kékeré?" O ní kí n lọ kúnlẹ̀. O ní bí àgbà bá tilẹ̀ ṣìwà hù, ọmọdé kì í sọ ọ́ sí i lójú. O ní ìwé ìgbéga mi lẹ́nu iṣẹ́ wà lórí tábìlì rẹ̀, kí n ronú nípa àwọn ọmọ mi. O sọ̀rọ̀ pẹ́, Zulaihat, o kò sì bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ kí n tó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí mo fi pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu nìyẹn. Mo bẹ̀ ọ́ fún fóònù tí mo pa. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ fún.

Mo yàn láti kọ lẹ́tà nítorí pé lórí fóònù, ẹkún rẹ máa ń borí ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́tà kò ṣeé já lù. Kà á dé òpin. Bí o bá sì rí i pé "ó" ni mo ń lò fún ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kì í ṣe "wọ́n", má rò pé ọwọ́ mi ló ṣì. Mo mọ ohun tí mo ń kọ.

O mọ Màmá Ògúnrìndé, ọlọ́fọ̀ tí à ń sọ yìí, níwọ̀nba. Àwọn ni wọ́n jó níbi ìgbéyàwó mi títí gèlè wọn fi já bọ́, tí wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n o kò mọ iṣẹ́ wọn, nítorí pé Ìlọrin lo ti wà láti ìgbà tí o ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán. Ẹ̀ka tí mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì, Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ìdílé àti Ìdàgbàsókè Ọmọnìyàn, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fún wọn. "Ẹ̀ka ọbẹ̀" ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin ń pè é. Bí Màmá bá wọ ìpàdé, wọ́n á ní, "Ìyá Ọlọ́bẹ̀, kí lẹ sè wá lónìí?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n bá wá sọ.

Èmi tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn kí n tó di olùkọ́ lábẹ́ wọn, mo lè búra fún ọ pé wọn kò kọ́ wa lọ́bẹ̀ kankan. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ilé tí bàbá ti lọ sí Èkó tí kò padà mọ́. Wọ́n ń kọ́ wa ní ohun tó ń dé bá ìyá àgbà tó tún ń pọn ọmọ-ọmọ nígbà tó yẹ kó máa nasẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wa ní ìdí tí géńdé ọlọ́kadà fi lè bá gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kó sì délé kó má rí ọ̀rọ̀ kan bá bàbá rẹ̀ sọ. Wọn kì í kọ́ni ní kíláàsì nìkan. Ìlogbò àti Ìjúrìn ni wọ́n ń kó wa lọ, kí a jókòó ti àwọn ìdílé, kí a panu mọ́, kí a wò. Ní Ìjúrìn, wọ́n bá àwọn àgbà agbolé kan sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi yọ̀ǹda ilé àtijọ́ tí wọ́n ń kó kòkó pamọ́ sí. Màmá ní kí a fọ̀ ọ́, kí a kùn ún, a sì sọ ọ́ di ilé ọmọdé. Ìyá tó bá ń lọ sóko á fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa á máa bá a ṣeré, wọ́n á máa kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń lajú sáyé. Ṣé ọbẹ̀ nìyẹn?

Bàbá Ògúnrìndé ni igi lẹ́yìn ọgbà wọn. Olùkọ́ ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Màmá ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn, Bàbá ni wọ́n dúró ti àwọn ọmọ ní Arámọkọ níbí. Wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń mú ọmọbìnrin lọ ṣe irun lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn aládùúgbò ní obìnrin ti sọ ọkùnrin di ìyàwó. Bàbá á ní, "Bí mo bá jẹ́ ìyàwó, ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó tó mọ ìṣirò ni." Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ó mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú díẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, Màmá á wẹ Bàbá, wọ́n á fún wọn lóunjẹ, wọ́n á tan rédíò sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Janet, àbúrò Màmá, á dé láti wá bá wọn jókòó, Màmá á sì gbọ̀nà ibi iṣẹ́. N kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọkọ, n kò sì rí ọjọ́ kan tí wọ́n fi ọkọ sílẹ̀ nítorí iṣẹ́.

Lọ́dún yìí ni yunifásítì ní kí ẹ̀ka wa di sẹ́ńtà ńlá tí yóò ní ilé tirẹ̀ àti olùdarí tirẹ̀. Ẹni méjì ló du ipò olùdarí. Màmá ni ọ̀kan. Èkejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Elijah, onímọ̀ nípa kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò. Wọ́n ní ó mọ ènìyàn darí. Ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí pé òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Èmi wà níbẹ̀ láti ṣojú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka wa. Wọ́n ní kí n máa wò, kí n máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí n má dá sí i.

Wọ́n bi Ọ̀jọ̀gbọ́n Elijah nípa ètò tó ní lọ́kàn. Ó dáhùn bó ṣe mọ. Kò sẹ́ni tó bi í bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wà, tàbí ẹni tó ń se oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kan Màmá, wọ́n sọ̀rọ̀ débi pé mo gbàgbé pé èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé bí sẹ́ńtà yóò ṣe dé Ìjerò, bí yóò ṣe dé Ẹ̀fọ̀n, bí àwọn arúgbó tí wọ́n dá nìkan wà nílé yóò ṣe ní ẹni tó ń yà kí wọn. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "gbogbo wa la mọyì iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ara Bàbá kò dá. Bí ẹ bá gba ipò yìí, ta ni yóò máa tọ́jú wọn?"

Màmá wò ó. Wọ́n ní, "Ẹni tó tọ́jú wọn láàárọ̀ yìí kó tó wá jókòó síwájú yín náà ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ni."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn," ẹ̀gbọ́n rẹ dáhùn, ó sì yíjú sí àwọn yòókù bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́. "Sẹ́ńtà ìdílé la fẹ́ dá sílẹ̀. Kò ní dára kí aráyé ní a tú ìdílé kan ká kí a tó dá a sílẹ̀."

Àwọn ọkùnrin tó kù mi orí. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ipò náà fún onímọ̀ kòkòrò.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, bóyá ǹ bá gbé e mì. Obìnrin ilẹ̀ yìí ti mọ bí a ṣe ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ kò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí Màmá wà ní kíláàsì, ó gba ilé wọn lọ láti lọ kí Bàbá. Ó jókòó tì wọ́n. Ó ní kí wọ́n má bínú o, pé nítorí tiwọn ni ìgbìmọ̀ ṣe fi Màmá sílẹ̀, kí Màmá lè ráyè máa tọ́jú wọn. Pé àánú ni àwọn fi ṣe. Àánú! Janet ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun ló sì sọ ọ́ fún mi.

Nígbà tí Màmá délé nírọ̀lẹ́, rédíò ti dákẹ́. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fi ọwọ́ òsì pa á. Wọ́n pe Màmá lórúkọ, wọ́n ní, "Kẹ́hìndé, gbé mi lọ ulé." Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. "Ulé wo? Inú ulé kọ́ la wà yìí?" Bàbá ní, "Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀dọ̀ Ọlámijí." Ọlámijí ni àbúrò wọn tó ń dáko ní Ẹ̀fọ̀n. Màmá ní àwọn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá kọ oúnjẹ. Wọ́n kọ ọ́ ní alẹ́ yẹn, wọ́n kọ ọ́ láàárọ̀, Màmá gbé ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu títí, wọ́n ń yíjú sí ògiri. Nígbà tí ẹkún bọ́ lójú Màmá ni Bàbá tó sọ ọ́ jáde, pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ yẹn: "N kò fẹ́ jẹ́ ẹrù lórí rẹ mọ́. Lọ gba ipò rẹ."

Zulaihat, ipò ti bọ́ nígbà náà. Màmá sọ fún wọn pé ó ti bọ́, wọn kò gbà. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gúnyán kí aya rẹ̀ lè di ọ̀mọ̀wé, ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọ̀rọ̀ ìkíni kan ṣoṣo sọ ọ́ di ẹrù lójú ara rẹ̀. Wọ́n gbé Bàbá lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Èmi náà wà nínú takisí náà, èmi ni mo di apá tí kò ṣiṣẹ́ mú kó má fi ara gbá ilẹ̀kùn. Títí a fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n tán, wọn kò wo ojú ẹnì kankan.

Ọlámijí àti ìyàwó rẹ̀ kò fi ohunkóhun dù wọ́n, kí n má purọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí kíláàsì bá ti parí, Màmá á lọ sí gáréèjì, wọ́n á wọkọ̀ Ẹ̀fọ̀n, wọ́n á wà lọ́dọ̀ Bàbá títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ojú wíwú, wọ́n á sì kọ́ni. Otútù Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ti arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò já geere. Ikọ́ mú Bàbá nínú oṣù Kẹwàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a wà ní Ìlogbò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nínú ilé opó kan tó ń sọ fún wa bó ṣe ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Fóònù Màmá dún. Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n fi fóònù sínú báàgì, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ opó náà tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa tò lọ sínú bọ́ọ̀sì. Ìgbà náà ni wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Yéwándé, bàbá yín ti lọ, n kò sì sí níbẹ̀." Èyí ni wọ́n ń sọ títí a fi dé Arámọkọ. N kò sí níbẹ̀, n kò sí níbẹ̀.

Ibi tí o fẹ́ gbọ́ la dé yìí. Ní ọjọ́ tí àwọn ará yunifásítì wá kí Màmá, a ta kánópì síwájú ilé, èrò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ dé pẹ̀lú àwọn méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo fún un lága, mo bu omi fún un, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Rántí pé mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣàdúà, a ṣe àmín. Ó wá mú àga rẹ̀ sún mọ́ Màmá. Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Elijah ti ní òun kò ṣe mọ́, pé òun kò lè máa darí ohun tí òun kò mọ̀. Mo yìn ín fún ìyẹn, ọkùnrin náà kò burú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ọ̀gá àgbà ń wá ẹni tí yóò gba ipò náà. Ó wá ní, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ:

"Màmá, Ọlọ́run kì í ṣe búburú. Ó ti gba Bàbá sínú ìsinmi, ìdíwọ́ sì ti kúrò. A lè tún ọ̀rọ̀ yín gbé yẹ̀wò báyìí."

Mo wo Màmá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yanu láti sọ̀rọ̀ ni. Èmi dìde. Mo gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sọ fún ọ pé mo dà á sí i lára, irọ́ ni. Òun ni kò tètè jọ̀wọ́ ife náà, tí díẹ̀ fi ta sí i láṣọ. Mo ní, "Zubair." Bẹ́ẹ̀ ni, mo la orúkọ mọ́ ọn lórí, mo sì mọ iye ọdún tó fi jù mí lọ. "Zubair, ènìyàn ni ọkùnrin tó kú yìí. O sọ ọ́ di ìdíwọ́ lójú ayé rẹ̀, ó sá lọ síbi tó kú sí nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, o tún wá síwájú opó rẹ̀ wá dúpẹ́ pé ìdíwọ́ kúrò. Omi ilé yìí kò tọ́ sí ọ. Dìde, máa lọ."

Ó dìde, ó lọ. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ìkà kan kún un, tiwọn ni.

Má rò pé Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí. Nígbà tí èrò tú ká, wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n sì bínú sí mi gan-an. "Ta ló ní kí o bá mi dá a lóhùn? Èmi ni wọ́n bá wí. O gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi bí àwọn náà ṣe gba ipò lọ́wọ́ mi." Mo sunkún. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, síbẹ̀ bí ọjọ́ náà bá padà wá lọ́la, n óò tún gba ife náà.

Ohun tí Màmá ṣe lẹ́yìn ìyẹn, èmi kò lè ronú kàn án láéláé. Wọ́n lọ bá ọ̀gá àgbà yunifásítì, wọ́n ní àwọn yóò gba ipò náà, ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ kan náà tún jókòó, kí alága kan náà sì tún bi àwọn ní gbogbo ohun tó bi àwọn lọ́jọ́sí. Ọ̀gá àgbà gbà. Mo tún wà níbẹ̀. Màmá wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn, wọ́n dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní, "Ó tó, Màmá, a dúpẹ́."

Màmá ní, "Ó ku ọ̀kan."

Ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ku ọ̀kan tí ẹ bi mí lọ́jọ́sí. Ẹ bi mí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè yẹn kò sí mọ́."

"Ìbéèrè wà," Màmá dá a lóhùn. "Ọkùnrin tí ẹ bèèrè ni kò sí mọ́."

Obìnrin tó ń wo èékánná lọ́jọ́sí gbórí sókè, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kéde Màmá gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin sẹ́ńtà pé bí wọ́n bá fẹ́ bi obìnrin léèrè ilé rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọkùnrin tó ń bá a du ipò náà.

Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọ́fíìsì wọn tóbi, ó ní ojú fèrèsé méjì. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Ẹtì bá dé tí wọ́n bá ń kọjá níwájú gáréèjì, àwọn awakọ̀ tí kò tíì gbọ́ á máa pè wọ́n, "Màmá Ẹ̀fọ̀n, ẹ yára, ẹnì kan ló kù!" Màmá á juwọ́ sí wọn, wọ́n á sì máa lọ. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ rí i mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá títí di òní. Kò dé Ẹ̀fọ̀n, kò kí Ọlámijí. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé ìwé ìgbéga mi pamọ́, ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i bí n kò bá wá kúnlẹ̀ bẹ òun lójú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá rán ọ sí mi. O sì jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ní ti ìyá rẹ tí mo ní mo rí lánàá. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá wọn, bí wọ́n ṣe wà láti ìgbà tí itan wọn ti ṣẹ́. Amudalat, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ń yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn má bàa dégbò. Bóyá o mọ̀, bóyá o kò mọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ wa ni Amudalat. Ọdún kan ló kù kó gboyè tó fi fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ìyá yín, kò sì ṣeé ṣe kó jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà. Mo bá a di apá kejì mú. A tẹ́ aṣọ tuntun tán. Ó wá ní, "Àǹtí Yéwándé, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi bàbá àwọn ọmọ mi jẹ igbákejì, ǹjẹ́ ẹnì kankan bi wọ́n pé ta ni yóò máa tọ́jú ìyá wọn?" Ó ní òun yóò padà síléèwé nínú oṣù Kìíní, pé òun ti sọ fún ọkọ òun, kó wá ẹni tí yóò dúró ti ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ pé ìyẹn wà lára ohun tó ń bí ẹ̀gbọ́n rẹ nínú sí mi, nítorí ó ní èmi ni mo kọ́ ọ.

Nítorí náà, Zulaihat, n kò ní kúnlẹ̀. Kó mú ìwé ìgbéga mi sọ́dọ̀, kó fi ṣe ìrọ̀rí. N óò máa kọ́ni ní ipò tí mo wà. Bí ó bá fẹ́ àforíjì, ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n là, kó lọ bẹ Ọlámijí. Ilé Màmá kò jìnnà, kó lọ bẹ wọn. Bí ó bá ti ibẹ̀ dé, n óò bu omi fún un pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì, n óò sì tún máa pè é ní Bùrọ̀dá.

Ní ti ìwọ, n kò bá ọ jà, ṣùgbọ́n inú bí mi sí ọ. Ọdún wo lo wá sílé kẹ́yìn? Nọ́ọ̀sì ni ọ́. O ń yí ìyá ẹlòmíràn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìlọrin, Amudalat ń yí tìrẹ padà ní Arámọkọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ló sì ń bi opó léèrè ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Wá sílé. Gba aṣọ ìnura lọ́wọ́ Amudalat, kí o dúró ti ìyá rẹ fún oṣù kan, kí ọmọbìnrin náà lè ráyè wọ kíláàsì. Bí oṣù náà bá pé, tí o bá ṣì rò pé ó yẹ kí n lọ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, wá sọ ọ́ fún mi lójú mi, n óò gbọ́ ọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ gidigidi, kí wọ́n má gbé ohun tó wúwo. Fi ẹnu kan àwọn ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó ní kí o má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dàlú. Èmi kọ́ ni mo sọ ìyẹn, òun ló sọ ọ́. Yàrá rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, mo ti gbá a.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí, tí kò sì ní ọ̀rẹ́ mìíràn bí ìwọ,

Yéwándé Fágbàyí.